Ọkùnrin Tí Wọ́n Ní Ó Mutí

Ọ̀sán gangan ni ọkùnrin gíga kan ń sọdá títì. Ó ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè fíofío bí ẹni tó fẹ́ gun àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀, ẹsẹ̀ náà á sì já lulẹ̀, pà! Gbogbo òpópónà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọtí ọ̀sán dára o!" ni ẹnì kan pariwo láti ẹnu ọ̀nà ilé ìfọṣọ, gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó bi í pé, "Kí ló ṣe ẹ́ lẹ́sẹ̀?" Títí dòní, bí mo bá rántí rẹ̀, inú a máa bí mi. Ẹnu tó yẹ kí wọ́n fi béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èèyàn, òun ni wọ́n fi ń bú u.

Ẹnì kan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tó ń tún bàtà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà nígun títì ni. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí pé ó tín-ínrín, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà bó ṣe ń bọ̀. Ìgbà tó máa gbójú sókè, ojú ọkùnrin náà ló bá pàdé, ojú tó tutù, tí ìtìjú ti mú kó pọ́n díẹ̀. Àyà rẹ̀ já. Ó bínú sí àyà náà, ó ní kó jókòó jẹ́ẹ́.

"Ẹ káàsán o," ni ọkùnrin náà wí. Ó bọ́ bàtà ọ̀tún, ó gbé e sórí tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lẹ iwájú ẹ̀. Ó ń gbé mi ṣubú."

"Ta ló lẹ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Aránbàtà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀."

"Àwọn méjèèjì ò lójú. Àbí òkúta lẹ fi ń gbá bíi bọ́ọ̀lù?"

"Rárá o. Onítáìlì ni mí. Kíkúnlẹ̀ niṣẹ́ tèmi."

"Ẹ bọ́ èkejì."

"Èkejì ò bàjẹ́."

"Mo ní ẹ bọ́ ọ. Ṣé ẹ rò pé màá gbé e sá lọ ni? Bàtà tó tóbi tó ọkọ̀ ojú omi yìí?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ to méjèèjì síra. Gìgísẹ̀ bàtà òsì ló jẹ díẹ̀, bó ṣe yẹ kí bàtà jẹ. Ti ọ̀tún, iwájú níbi ọmọ ìka ló ti fá tán, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì dà bíi tuntun.

"Ọ̀mùtí a máa jẹ bàtà méjèèjì," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ọmọ ọ̀mùtí ni mí, mo mọ̀ wọ́n. Bàtà yìí ò jẹ̀bi, ẹ̀yin náà ò sì mutí. Ẹsẹ̀ yín ni kò gbéra. Ẹ gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yín sókè kí n rí i."

Ti òsì gbéra. Ti ọ̀tún dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni pé kò gbọ́. Ọkùnrin náà tún gbìyànjú, òógùn bò ó lójú, àtàǹpàkò náà ò mira. Kò tíì dán irú rẹ̀ wò rí. Ẹ̀rù bà á lójú Abẹ́rẹ́ níbẹ̀.

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ló sọ. "Kò dùn mí rárá. Orí ẹsẹ̀ ló kàn kú, bí ẹni pé mo wọ ìbọ̀sẹ̀, mi ò sì wọ nǹkan kan."

"Ẹ lọ sí ọsibítù. Lónìí. Mi ò lẹ bàtà yìí."

"Irú oníṣòwò wo ló ń lé oníbàárà?"

"Irú tèmi. Ẹ padà wá sọ ohun tí wọ́n bá wí. Ìgbà yẹn ni màá lẹ̀ ẹ́." Ó ti yíjú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ kó má baà rí i pé òun fẹ́ kó padà wá lóòótọ́.

Gbọọrọ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ ọkùnrin náà níbi iṣẹ́ ń pè é, nítorí gíga rẹ̀. Ó lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Dókítà tó rí i ò gbójú kúrò lórí ìwé. Kò ní kó bọ́ ṣòkòtò, kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀, kò ní kó rìn. "Làkúrègbé ni," ló wí, ó kọ oògùn ìrora fún un. Ẹ gbọ́ o! Oògùn ìrora, fún ọkùnrin tó sọ lẹ́nu ara rẹ̀ pé kò sí ibi tó ń dun òun! Bí mekáníìkì bá ṣe ọkọ̀ yín bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní gbà á, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ èèyàn, a ó ní "ẹ ṣé, dókítà," a ó wá máa lọ.

Gbọọrọ gba oògùn náà, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ibẹ̀ sì ni ìkà gan-an wà. Kọ̀ngílá wọn, agbaṣẹ́ṣe tó gbà wọ́n síṣẹ́, ò ra ohun ìdáàbòbò orúnkún fún ẹnikẹ́ni. Àwọn onítáìlì fúnra wọn ló ń gé fóòmù, tí wọ́n ń fi rọ́bà inú táyà dì í mọ́ orúnkún. Ẹsẹ̀ Gbọọrọ gùn, fóòmù tirẹ̀ a máa yọ̀, ó wá ń di rọ́bà náà pinpin sí abẹ́ orúnkún. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń rọ sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń dì í le sí i, torí ó rò pé ẹsẹ̀ tó bá tú, ìdè ló ń fẹ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ìdè náà gan-an ló ń pa ẹsẹ̀. Ta ni ì bá sọ fún un, nígbà tí gbogbo wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé páálí táìlì sí èjìká, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ etí àtẹ̀gùn, òun àti páálí ṣubú lulẹ̀ gbì. Kọ̀ngílá sáré dé. Táìlì tó fọ́ ló kọ́kọ́ wò.

"O ti tún mu ún!"

"Ọ̀gá, mi ò mutí rí láyé mi."

"Irọ́ ńlá nìyẹn! Máa lọ. Mi ò gba ọ̀mùtí síṣẹ́." Kò mọ síbẹ̀ o. Ó ròyìn rẹ̀ káàkiri àdúgbò, bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé rọ́bà tí kọ̀ngílá fi awun rẹ̀ sọ di dandan ló ba ẹsẹ̀ ọkùnrin náà jẹ́.

Ìgbà tí Abẹ́rẹ́ gbọ́ èyí, àti ti oògùn ìrora, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa lójú àwọn oníbàárà.

"Níbo là ń lọ?" ni Gbọọrọ béèrè.

"Ọsibítù."

"Mo ti lọ."

"Ẹ̀yin lẹ lọ nígbà yẹn. Èmi ni mò ń lọ báyìí."

Wàhálà tó ṣe níbẹ̀, nọ́ọ̀sì méjì ló bẹ̀ ẹ́ kó rẹ ohùn sílẹ̀. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ní kí wọ́n lọ sí yàrá tó wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, lọ́dọ̀ obìnrin àgbàlagbà kan tó ń tọ́jú egungun àti iṣan. Ìyá Oríkèé ni àwọn aláìsàn ń pè é. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Bọ́ ṣòkòtò ẹ, kóo wọ aṣọ aláìsàn yìí." Abẹ́rẹ́ yíjú sí ògiri. Ohun kejì tó sọ ni pé, "Rìn kí n rí ẹ."

Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ó bi í léèrè. Ṣé ẹ̀yìn ń dùn ẹ́? Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ni? Ṣé abẹ́ ẹ kú, àbí ìtọ̀ máa ń jáde láìmọ̀? Gbọọrọ ní rárá, rárá, rárá. "A dúpẹ́. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, eré la máa sá báyìí." Ó wá fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ ìta orúnkún rẹ̀, nísàlẹ̀ kókó egungun tó yọ síbẹ̀. Ó gbá a pẹ́ẹ́. Gbọọrọ ta gìrì.

"Ó ṣe bíi kí iná gbé mi, títí dé orí ẹsẹ̀!"

"Kí ló fa àpá yìí?"

Ìgbà tí Gbọọrọ sọ̀rọ̀ rọ́bà náà, Ìyá Oríkèé dìde. Inú ń bí i. "Onítáìlì kẹrin rèé lọ́dún yìí," ló wí. "Iṣan kan ló gba ibẹ̀ yẹn kọjá, kò nípọn rárá. Egungun wà lábẹ́ ẹ̀, awọ ló bò ó, kò sí ẹran níbẹ̀ tó máa gbà á sílẹ̀. Òun ló ń sọ fún ẹsẹ̀ pé kó gbéra. O ti fi rọ́bà fún un lọ́rùn pa."

"Ṣé ó kú ni, Mà?"

"Ó dákú ni. Ó lè jí. Ṣùgbọ́n iṣan kì í kánjú, ó lè gbà tó oṣù mẹ́ta, ó lè gbà tó ọdún kan. Ìgbà mìíràn, kì í padà tán. Mi ò ní purọ́ fún ẹ."

Ó ní kó ju rọ́bà nù. Kò gbọ́dọ̀ lóṣòó, kò gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ bó bá jókòó. Kó máa na ọrùn ẹsẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, kó sì máa yẹ awọ ẹsẹ̀ wò lójoojúmọ́, torí ẹsẹ̀ tó kú kì í mọ̀ bó bá fara pa. Ó fún un ní ike pẹlẹbẹ kan tó máa gbé àtẹ́lẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ dúró nínú bàtà, kó má baà máa wọ́lẹ̀.

Ike náà ò wọ bàtà. Abẹ́rẹ́ tú bàtà ọ̀hún palẹ̀, ó fẹ inú rẹ̀, ó tún un rán látìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ṣe é. Gbọọrọ rí iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táìlì, ó ń gé e lórí tábìlì ní ìdúró. Bó bá ti ṣíwọ́, ọ̀dọ̀ Abẹ́rẹ́ ló ń gbà lọ.

"Ẹsẹ̀ ń kọ́?"

"Ó wà níbi tó o fi í sí lánàá."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn? Ìgbà wo la di ẹgbẹ́?"

"Látìgbà tó o ti fi bàtà mi wé ọkọ̀ ojú omi. Ìyàwó mi, má bínú."

"Ọlọ́run ń gbọ́ ẹ o. O ò tíì san nǹkan kan lórí mi." Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ti ń ya ìjókòó rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹlòmíì má jókòó síbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ká wọn mọ́ ṣọ́ọ̀bù, Gbọọrọ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ tó le koko fún òwú àti awọ, ó ní, "Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Kì í ṣe ìmoore. Mo ti rò ó wò, ìmoore kì í jẹ́ kéèyàn má lè jẹun." Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ṣóṣóró kàn gbé orí lé èjìká rẹ̀ títí òjò fi dá.

Ọ̀rọ̀ wá ku ìyá Abẹ́rẹ́.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá náà, obìnrin tó bá wo akẹ́kọ̀ọ́ lójú, akẹ́kọ̀ọ́ á rántí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Ọkọ rẹ̀ mutí nígbà ayé rẹ̀. Ó lé e jáde nílé nígbà tí Abẹ́rẹ́ wà lọ́mọ ọdún méje, ọkọ náà sì kú sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti búra pé ọ̀mùtí ò ní wọ ilé òun mọ́. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ìròyìn tí kọ̀ngílá sì ń tà káàkiri ti dé etí rẹ̀.

Gbọọrọ fi ike rẹ̀ sílé lọ́jọ́ tó lọ kí ìyá náà. Kò fẹ́ kí ìyá ìyàwó kọ́kọ́ rí òun bí aláìsàn. Ìgbéraga ni, ẹ má jẹ́ ká pè é lórúkọ míì. Ìyá ti ń wò ó láti ojú fèrèsé bó ṣe ń bọ̀, pà, pà. Kò ní kó jókòó.

"Ọ̀gá ẹ lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ọtí. Irọ́ ni?"

"Wọ́n lé mi, Mà. Kì í ṣe nítorí ọtí. Iṣan ẹsẹ̀..."

"Rìn lórí ìlà yẹn." Ìlà tó wà láàárín táìlì méjì ló nawọ́ sí, láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé.

"Màámi!" ni Abẹ́rẹ́ kígbe.

"Ẹni tí kò mutí, kí ló ń bẹ̀rù?"

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Gbọọrọ rìn. Ó tẹ táìlì mẹ́rin dáadáa. Ní ẹ̀karùn-ún, ọmọ ìka rẹ̀ kọ́ etí ẹní, ó já lu àpótí ìtìsẹ̀, ó sì fọwọ́ gba ilẹ̀. Ìyá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ọmọ mi ò ní fẹ́ ọ̀mùtí. Ó dàbọ̀."

Lójú títì, Gbọọrọ ò lè wojú Abẹ́rẹ́. "Mi ò ní wá mọ́, títí ẹsẹ̀ yìí á fi padà. Bí kò bá padà..."

"Bí kò bá padà ńkọ́?"

Gbọọrọ tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀.

"O ò lè sọ ọ́! Ta ló sọ fún ẹ pé ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fẹ́? Kọ̀ngílá fojú tín-ínrín ẹ, ìyá mi fojú tín-ínrín ẹ, ìwọ náà wá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wọn? Ọjọ́bọ̀ ni Ìyá Oríkèé ní kóo padà wá. O máa lọ, màá sì wà níbẹ̀." Ẹkún ti ń gbọ̀n ohùn rẹ̀, ó sì bínú sí ẹkún náà pẹ̀lú.

Ó padà wọlé bá ìyá rẹ̀. "Màámi, gbogbo ọmọ tẹ́ ẹ kọ́, ẹ kì í fún wọn ní òdo láìka ìwé wọn. Ẹ bá mi lọ Ọjọ́bọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i tán, tẹ́ ẹ ṣì ní rárá, mi ò ní bá yín jà." Ìyá gbà. Ó lọ torí kó lè tú ọkùnrin náà fó, kó má sì sí àríyànjiyàn mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, ó jókòó gan-an nínú yàrá Ìyá Oríkèé, báàgì lórí itan. Ó rí i bí Gbọọrọ ṣe dijú pinpin, tó ń gbìyànjú láti gbé àtàǹpàkò. Ó rí i bí Ìyá Oríkèé ṣe fi orí bíírò fa ìlà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, tí Gbọọrọ ò sì mọ̀. Ó rí ike náà nínú bàtà tí ọmọ rẹ̀ tún rán. Olùkọ́ ni, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ ẹni tó ń díbọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún etí báàgì.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ṣé èèyàn lè máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ láìmu nǹkan kan?"

"Lọ́nà púpọ̀, Mà. Ta lẹ ń bi mí nípa ẹ̀?"

"Ẹnì kan. Ó ní ilẹ̀ ń rọ̀ lábẹ́ òun bíi tìmùtìmù. Ó ní ẹsẹ̀ òun méjèèjì ń jó bí iná, síbẹ̀ òun ò mọ̀ bóun tẹ ìṣó. Ó tẹ ìṣó lóòótọ́, egbò náà ò jiná. Ó máa ń mumi bí ẹni tí òùngbẹ fẹ́ pa, ó sì ń tọ̀ lemọ́lemọ́."

Ìyá Oríkèé gbé bíírò sílẹ̀. "Ṣé wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò?"

"Ó mutí tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ti fi í sílẹ̀ láti bí oṣù mẹ́jọ. Ó búra fún mi."

"Ṣé ẹ ń gbọ́ òórùn ọtí lẹ́nu ẹ̀ nígbà náà?"

"Mi ò sún mọ́ ọn kí n gbọ́ ọ. Mo ti mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀."

"Mi ò lè sọ nǹkan kan nípa ẹni tí mi ò fọwọ́ kàn," ni Ìyá Oríkèé wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́bàá ògiri. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọ̀mùtí. Ó ti fi bàbá rẹ̀ ṣe àwàdà fún oníbàárà. Ó wo ìyá rẹ̀, ìbínú gbígbóná sì gbé e mì.

Gbọọrọ ti ń tẹ̀ ba láti wọ bàtà. Ìyá dìde, ó gbé báàgì sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀ líle, ó di bàtà náà mú.

"Háà! Màámi, ẹ dìde! Ẹ má ṣe báyìí sí mi, àgbà kì í kúnlẹ̀ fọ́mọ!"

"Jẹ́ kí n ṣe é." Ó ń wọ̀ ọ́ fún un díẹ̀díẹ̀, omi ń já bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín, Mà. Ẹ fún mi ní ọmọ yín, ó tán."

"Mo fún ọ. Má sì dúró de ẹsẹ̀. Bó padà, bí kò padà, mo fún ọ." Ó wá gbójú sókè wo Abẹ́rẹ́. Ó ń dúró de ọ̀rọ̀ ìdáríjì kan tí Gbọọrọ ò lè bá a sọ. Abẹ́rẹ́ gbé báàgì ìyá rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Oṣù mẹ́ta ló fi wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ aṣọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ àlejò, wọn ò sọ̀rọ̀ bàbá. Ìyá lọ bá kọ̀ngílá níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó bi í bóyá òun náà fẹ́ fi rọ́bà di orúnkún tiẹ̀ wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ọkùnrin náà fi ránṣẹ́ ra ohun ìdáàbòbò gidi fún gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ Gbọọrọ ṣì ń gbé ike. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń gbọ̀n díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lókèèrè.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ọkọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá jókòó sétí ibùsùn nínú yàrá rẹ̀, ó ti múra tán, kò jáde. Kò dá a lójú bóyá ọmọ rẹ̀ fẹ́ kí òun wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ṣílẹ̀kùn wọlé nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ó dúró. Ó wá jókòó ti ìyá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé tirẹ̀.

"Màámi, mo dárí jì yín lórí ọ̀rọ̀ bàbá mi," ló wí. "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ọkọ mi ń dúró."